Akẹtẹ̀ Orí Ọ̀pá Guro

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni Guro fi dúró de akẹtẹ̀ kan. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró de òrùka, àwọn mìíràn ń retí kí fóònù wọn dún. Tirẹ̀, akẹtẹ̀ dúdú kan tí etí rẹ̀ ti ń ṣá ni, èyí tó máa ń wà lórí ọ̀pá gígùn kan. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé Guro fúnra rẹ̀ ló ń di ọ̀pá náà mú.

Ní Torpo, ní àfonífojì Hallingdal, ọkùnrin tó bá pe ara rẹ̀ ní oníjó gbọ́dọ̀ lè jó halling. Yóò máa pòòyì yí ilẹ̀ ijó ká, yóò lọṣọ̀ọ́, yóò dìde, títí gòjé yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà náà ni yóò fò sókè, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ gbá akẹtẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá tí ọmọbìnrin kan gbé sókè lórí àga. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ Torpo, kò sí ẹni tó mọ ijó yìí jó tó Embrik káfíńtà, ọmọ-ọmọ Bàbá Sevat onígòjé. Bí ó bá ń jó, àwọn ìyá arúgbó á gbàgbé kọfí lọ́wọ́. Àmọ́ bí ó bá ku kí ẹsẹ̀ gòkè báyìí, ọ̀rọ̀ á dà rú. Ìgbáròkó rẹ̀ le. Ó le bí ilẹ̀kùn abà tí ẹnikẹ́ni kò ta epo sí láti ayé bàbá ńlá rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ó ti gbá afẹ́fẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Embrik nu òógùn ojú, ó gbójú sókè wo Guro lórí àga.

"Guro, ọjọ́ tí mo bá gbá akẹtẹ̀ yìí kúrò lórí ọ̀pá rẹ, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́."

"Kí ló dé tí o ò bi mí báyìí?"

"Rárá o. Akẹtẹ̀ ló kọ́kọ́."

Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó yíjú padà, ó sì forí gbá òpó ilẹ̀kùn bí ó ti ń jáde. Guro dúró lórí àga níbẹ̀, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò mọ ìbéèrè náà? Ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn abà pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Embrik ti fi ẹnu ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Hallingdal kì í kó ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ jẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kọjá, akẹtẹ̀ ò jábọ́. Ti èkejì náà kọjá.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kẹta dé, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Guro ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ní Oslo, ilé ìwòsàn kan ní Tromsø sì ti gbà á sí iṣẹ́. Tí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí òpin àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá nígbà òtútù. Bí akẹtẹ̀ kò bá jábọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè náà yóò kú sí ọ̀nà ọ̀fun Embrik, ìfẹ́ wọn yóò sì tutù láìtíì gbóná.

Iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo ló kù tí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ó fẹ́ mọ irú ọ̀nà ìnara tó ń jẹ́ kí ìgbáròkó àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo ara wọn dáadáa ṣí. Ì bá lo àwọn agbábọ́ọ̀lù Oslo, wọ́n kún ìgboro. Ó ní rárá, àwọn oníjó Torpo ni òun fẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ka ìdí mẹ́ta tó mọ́gbọ́n dání sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀kẹrin sínú.

Ó pín àwọn oníjó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan yóò jókòó, wọn yóò ya ẹsẹ̀, wọn yóò tẹ̀ síwájú, wọn yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn kejì kò ní dúró lójú kan, wọn yóò máa ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àwọn kẹta yóò máa ṣe é ní méjì-méjì: ẹnìkan á fẹ̀yìn lélẹ̀, èkejì á bá a gbé ẹsẹ̀ sókè títí iṣan á fi ní ó tó, ẹni tó dùbúlẹ̀ á wá fi ẹsẹ̀ náà ti ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, á sinmi, ẹsẹ̀ á sì tún lọ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́, igi kèké ni wọ́n fà. Embrik fa ti méjì-méjì. Iye àwọn tó fà á kò sì ṣeé pín sí méjì-méjì, Embrik ló ṣẹ́kù tí kò ní ẹnìkejì. Kí ni Guro ìbá ṣe? Ọlọ́run ló mọ̀ pé kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀.

Báyìí ló ṣe di pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Embrik á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó abà, gìgísẹ̀ rẹ̀ á wà ní èjìká Guro, òórùn koríko gbígbẹ á máa ta lé wọn lórí.

"Ó yá, tì mí."

"Mo ń tì ọ́ ná."

"Ṣé títì nìyẹn àbí o ń kí mi ni?"

"Mi ò fẹ́ ṣe ọ́ léṣe ni o."

"Embrik, màlúù ti tì mí lu ògiri rí, mi ò kú. Tì!"

Ó tì í. Guro ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sẹ́yìn, ó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. "Ehn-ehn! Ìyẹn ló ń jẹ́ títì. Ó tó, sinmi. Mí síta." Bí Embrik ti mí síta, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ dẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Guro bí àwọ̀n tí wọ́n tú okùn rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ń bọ̀ sápá ojú ẹni tó ni ín díẹ̀díẹ̀.

"Háà! Ẹsẹ̀ mi nìyí?"

"Àbí ti ta ni?"

"Mi ò rí i nítòsí báyìí rí. Ìbọ̀sẹ̀ yìí ti lu."

Guro bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹsẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Atẹ́gùn kan gba àárín pákó kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pé iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Embrik ló kọ́kọ́ yíjú.

"Ó kàn ọ́. Dùbúlẹ̀."

"Èmi ò sí nínú àwọn tí mò ń wọ̀n."

"Èmi náà ò fẹ́ wọ̀n ọ́. Mò ń gbẹ̀san."

Guro dùbúlẹ̀, Embrik sì fi ọwọ́ káfíńtà rẹ̀ tó le gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé fèrèsé onígíláàsì. Ó ń bá a lọ, ó ń bá a lọ, ẹsẹ̀ kò wí nǹkan kan.

"Ṣé ìwọ ò ní eegun ni?"

"Mo ní. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa ni."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí koríko tó tó gé, ìgbáròkó Embrik ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Guro gbé irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ ti itan Embrik, ó wò ó, ó tún un wò. Àwọn méjì-méjì ló ń síwájú, àwọn tó ń jókòó jẹ́ẹ́ tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń ju ẹsẹ̀ sì wà lẹ́yìn díẹ̀. Inú Guro dùn. Ó ti ń rí akẹtẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pé jọ láti jó, tí Embrik bá fò, akẹtẹ̀ kò ní mira. Ẹsẹ̀ ń ṣí o, ara kò gbéra ni. Fífò rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn tó ń ju ẹsẹ̀, tí ìgbáròkó wọn kò tíì ṣí tó tirẹ̀, máa ń dé ẹnu abà kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ju ẹsẹ̀ wọn ní gbangba níbẹ̀, wọ́n á wọlé pẹ̀lú òógùn, wọ́n á sì fò bí tata.

Guro kò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, títí ó fi di ọjọ́ kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ń wo Bàbá Sevat bó ṣe ń to okùn gòjé kí ohùn wọn lè bára mu. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, okùn gòjé Hallingdal kì í yára tò. Àwọn tó wà lókè kan ń dún, àwọn tó wà lábẹ́ wọn kan ń gbè é. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe, èkejì á bínú. Ti Bàbá Sevat sì tún wá peléke. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó ti sùn lọ kí ó tó to okùn tán. Òfin rẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá ń to okùn, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń rìn, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo oníjó á jókòó sílẹ̀ lórí pákó tútù, wọ́n á ya ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á sì máa retí. Àwọn aláju-ẹsẹ̀ nìkan ló ń bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ìta ni wọ́n máa ń wà tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀. Embrik, ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò lè wà níta. Iwájú bàbá ló máa ń jókòó.

Guro na ìka sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Bàbá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Mò ń to okùn."

"Nítorí ẹ̀ náà ni. Ìnara yìí dára, ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ ni kò dára. Iṣan tí wọ́n nà pẹ́ títí tí wọn kò sì mú gbóná, ṣe ló máa ń tòògbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń to okùn. Tí ijó bá parí tán, kí wọ́n wá jókòó nà án bó ṣe wù wọ́n."

"Kí wọ́n máa rìn? Ṣé ọjà màlúù ni ibí? Báyìí ni bàbá bàbá mi ṣe ń jókòó."

"Ṣé wọ́n máa ń gbá akẹtẹ̀?"

"Wọn kì í tàsé!"

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó wá síbi ijó?"

Bàbá Sevat dá ọwọ́ dúró lórí gòjé. "Wọ́n á gé koríko láti àárọ̀. Wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn ti orí òkè sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ ò rí i, Bàbá? Ara wọn ti gbóná kí wọ́n tó jókòó."

"Ohun tí mo rí ni pé o ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń to okùn."

Embrik tẹ orí mọ́ orúnkún kí bàbá rẹ̀ àgbà má bàa rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó fi èjìká gbún Guro. "Lọ́jọ́ ìdíje halling ọdún yìí, ẹ̀yìn àká ni màá wà, màá máa ju ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi pè mí. Mo ṣèlérí."

"Ìlérí rẹ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta rẹ̀ rèé."

Ọjọ́ ìdíje dé, òjò wínníwínní sì bá a dé. Gbogbo Torpo ti wà ní àgbàlá oko àtijọ́ tí abà náà wà, nínú aṣọ ìbílẹ̀, ìkòkò rømmegrøt ńlá ń hó lábẹ́ àgọ́, ògì ọ̀rá wàrà yẹn ń ta sánsán káàkiri. Guro ti gun àga, ó ti gbé ọ̀pá sókè, akẹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Láti òkè ibẹ̀ ló ti ń rí Embrik lẹ́yìn àká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síwá ń bọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ó rẹwà lójú Guro.

Wọ́n pe Embrik. Bàbá Sevat gbé gòjé sí àyà, ó fa okùn kan, ojú rẹ̀ sì korò. Òjò ti ba ohùn gòjé jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí to okùn. Embrik ń pààrà lórí pákó, ó ń rọra ju ẹsẹ̀. Àwọn adájọ́ ń wò ó. Bàbá Sevat gbójú sókè.

"Embrik! Jókòó!"

Ní ojú gbogbo ayé, lójú àwọn adájọ́, ọmọ wo ni yóò sọ pé òun kò jókòó? Embrik wo Guro, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó. Ó ya ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú.

Guro fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ẹni tó di ọ̀pá mú kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í sọ̀kalẹ̀. Ó kàn ń wo ẹ̀yìn ẹ̀wù Embrik bí òjò ṣe ń rin ín. Okùn kan tò, èkejì tú. Kọfí tutù nínú ife àwọn adájọ́. Ìgbà tí Bàbá Sevat fi máa mi orí pé ó ti tò, pupa ti kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ Embrik pátápátá.

Ó jó o. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ijó náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fò, gìgísẹ̀ rẹ̀ kọjá lábẹ́ akẹtẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ó pòòyì, ó tún fò. Èyí tilẹ̀ wálẹ̀ sí i. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta.

Ọ̀pá náà gùn. Bí ọwọ́ bá fì díẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Tromsø wá sọ́kàn Guro, pẹ̀lú òkùnkùn rẹ̀ àti yàrá kékeré tí yóò máa dá gbé. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ bi í léèrè. Ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀, díẹ̀ báyìí. Embrik ń yípo bọ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí i. Láàárín ijó níbẹ̀, ó rọra mi orí: rárá. Omi lé ròrò sójú Guro. Ó gbé ọ̀pá padà sókè. Embrik fò, ó sì gbá afẹ́fẹ́.

Nígbà tí Guro wá Embrik dé ẹ̀yìn àká, ó bá a tó jókòó sórí òkúta, aṣọ rẹ̀ tutù.

"O rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Díẹ̀ ni."

"Guro!"

"Kò ju ìwọ̀n irun lọ. Kí ló dé tí o ò gbà á?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi gbogbo ayé mi dúró tì, mi ò fẹ́ kí irọ́ wà nídìí rẹ̀. Ì báà tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n irun." Ó fa koríko kan tu. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, Tromsø ni mo wà."

"Mo mọ̀," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn Guro fi yọ́ bí bọ́tà. Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, òtútù á mú ọ. Wá jó."

Òjò ti dá. Àwọn adájọ́ ti pín ẹ̀bùn, wọ́n ti lọ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì dúró lórí òkè bí ẹni tí kò fẹ́ relé. Gbogbo àgbàlá ń jó ní méjì-méjì. Gòjé Bàbá Sevat ti gbóná, ohùn rẹ̀ ti dúró déédéé, kò sì to okùn mọ́. Bí ó bá ti parí orin kan ló ń bọ́ sí òmíràn. Guro àti Embrik jó, wọ́n pòòyì, wọ́n tún jó, títí òógùn fi ń kán ní imú wọn. Ní àárín ìpòòyì kan ni Guro kófìrí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Embrik. Ó pọ́n bí èso rọ́ńbẹ́rì orí òkè. Ìgbà náà ni èrò náà kọ lu Guro bí àrá. Òun ti dúró de akẹtẹ̀ yìí fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Ta ló wí pé dídúró ni iṣẹ́ òun?

Ó já ọwọ́ gbà, ó lọ gbé ọ̀pá, ó fi akẹtẹ̀ sí orí rẹ̀, ó sì ki ọ̀pá náà bọ Embrik lọ́wọ́.

"Gun àga."

"Èmi?"

"Àbí mo ń bá àga sọ̀rọ̀ ni? Gun ún!" Ó yíjú sí bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ta halling, Bàbá. Ẹ má to okùn o!"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Sevat fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ó fa ọ̀pá gòjé. Guro ká yẹ̀rì aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ sínú ìgbànú, ó sì bọ́ sí ojú agbo. Ó pòòyì. Ó lọṣọ̀ọ́, ó dìde. Embrik dúró lókè, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì rẹ ọ̀pá sílẹ̀ rárá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó le gbé ẹsẹ̀ yìí sókè pẹ̀lẹ́ lórí pákó abà, òní ni ó so èso. Guro fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè láìbèèrè ọ̀nà. Pàá! Akẹtẹ̀ fò lọ sójú ọ̀run, ó sì bọ́ sẹ́yìn àwọn ìyá arúgbó.

Ariwo sọ. Guro dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí.

"Embrik, òfin rẹ ni, kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá gbá akẹtẹ̀ ló ń béèrè. Ṣé o máa fẹ́ mi? Ìbéèrè kejì: ṣé o ní ẹ̀wù òtútù tó nípọn?"

Embrik wo ìsàlẹ̀, ó wo ọ̀pá, ó wo gbogbo ènìyàn. "Ìbéèrè mi nìyẹn!"

"O pẹ́ jù."

"Dá a lóhùn," ni Bàbá Sevat kígbe, "kí okùn mi tó tú!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Embrik wí, ó sì fò sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Wọn kò lè ṣàì nílò káfíńtà ní Tromsø." Ó gbá a mọ́ra títí ẹsẹ̀ Guro fi kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ó gbé e kalẹ̀, orí àga ni ó gbé e kà. Ó wá akẹtẹ̀ rí, ó gbọn eruku rẹ̀ nù. "Ó kàn mí. Gbé e ga. Tí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mi ò lọ síbì kan mọ́."

Kò jókòó. Kò ya ẹsẹ̀, kò tẹ̀ síwájú, kò retí okùn kankan. Ara rẹ̀ ti gbóná, ọkàn rẹ̀ gbóná jù ú lọ, ìgbáròkó tí wọ́n ti fi sùúrù ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Guro gbé ọ̀pá sókè títí apá rẹ̀ fi ń dùn ún. Embrik fò, ó sì dàbí ẹni pé ó dúró lófuurufú kó tó gbá a. Akẹtẹ̀ yí bírí-bírí lókè orí wọn, ó gba orí àgọ́ kọjá, ó sì bọ́ gbùú sínú ìkòkò rømmegrøt.

Ìgbà tí ẹ̀rín fi máa rọlẹ̀, Bàbá Sevat ti gbé gòjé kalẹ̀. Ó rìn lọ síbi ìkòkò, ó fa akẹtẹ̀ náà yọ, ó fi ìka nu etí rẹ̀, ó sì lá a.

"Ṣúgà rẹ̀ kò tó," ni ó wí. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo Guro tó ṣì dúró lórí àga pẹ̀lú ọ̀pá òfìfo, ẹkún àti ẹ̀rín lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Kò burú. Láti ọ̀la lọ, kí àwọn oníjó máa rìn nígbà tí mo bá ń to okùn." Ó gbọn ọ̀rá kúrò lára akẹtẹ̀, ó sì dé e sórí. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n bọ́ bàtà."